Ẹ Kú Ojú Lọ́nà: Ìdáhùn Sí Àwọn Tí Ń Dúró De Ìtọ́jú Ọmọ Bíbí

Kò sí ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ ń pọ̀ lórí tábìlì mi tó ti àwọn tí ń wá ọmọ. Mẹ́ta ni mo yàn lóṣù yìí, nítorí pé ìdúró ló so wọ́n pọ̀. Mo ti yọ orúkọ kúrò, mo sì ti gé èyí tó gùn jù kúrú.

Ìyá wa Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 36 ni mí, Sùúrùlérè ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, mo sì ń ta aṣọ ní ọjà Balógun. Ọdún kẹfà ìgbéyàwó wa rèé. Lọ́dún tó kọjá, dókítà kan ní ilé ìwòsàn ìjọba kọ ọ̀rọ̀ IVF, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n ti ń so ẹyin obìnrin pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkùnrin níta ara, sínú fáìlì mi, wọ́n sì kọ orúkọ mi sínú ìwé ńlá kan tí wọ́n fi ń to àwọn tí ń dúró. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ padà lọ, àwọn dókítà wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Ìgbà kejì, wọ́n ní ẹ̀rọ kan bàjẹ́. Ìgbà kẹta, mo débẹ̀ kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí di aago kan ọ̀sán, ẹnì kan wá sọ fún mi pé àwọn kò rí fáìlì mi, kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ti kọjá báyìí. Bí mo bá ti délé, ìyá ọkọ mi á ní, “Ẹ kú ojú lọ́nà o,” èmi náà á ní, “Ẹ ṣé, mà,” ṣùgbọ́n inú mi á máa gbóná. Àwọn aládùúgbò tilẹ̀ ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ṣé n kò mọ orúkọ ibi tí mò ń gbé ni, pé sùúrù lérè. Ọkọ mi kì í bá mi jà. Ó kàn ń sọ pé ara òun le koko, pé bó bá ti kàn mí kí n sọ fún òun. Báwo ni mo ṣe lè fara da ìdúró yìí? Àbí kí n lọ yọ orúkọ mi kúrò? *— Ẹni tí ń wọ̀nà, Sùúrùlérè*

Arábìnrin mi, ẹ kú ìfaradà. N kò ní fi òwe sùúrù kún èyí tí àwọn aládùúgbò yín ti sọ. Ìbéèrè ni màá kọ́kọ́ fi dá yín lóhùn: kí gan-an ni ẹ ń dúró dè? Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rí ìyanṣẹ́lódì, mo rí ẹ̀rọ tó bàjẹ́, mo rí fáìlì tó sọnù, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún yín ohun tó wà láàárín yín àti ọjọ́ tí ìtọ́jú yóò bẹ̀rẹ̀. Ìdúró tí èèyàn mọ ohun tó kù níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọdún kan gbáko, ó ṣeé fi ìka kà. Èyí tí a kò mọ ohun tí a ń retí nínú rẹ̀ ló ń jẹ èèyàn láti inú wá.

Ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ “ti ìjọba” yìí palẹ̀, nítorí pé ó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ní ilé ìwòsàn ìjọba lọ́dọ̀ wa, ìjọba ló ń san owó oṣù dókítà àti nọ́ọ̀sì, òun ló kọ́ ilé, òun ló ra àwọn ẹ̀rọ ńláńlá. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí ń mú ẹyin gbó, èròjà yàrá àyẹ̀wò àti ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò fúnra wọn, àpò aláìsàn ni wọ́n ti ń jáde, ètò adójútòfò ìlera tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì ní kì í san owó IVF. Owó rẹ̀ dín sí ti aládàáni. Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Kì í sì í ṣe pé iṣẹ́ náà ṣàjèjì sí wa. Ní England ni wọ́n ti bí Louise Brown, ọmọ IVF àkọ́kọ́ láyé, ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1978. Nígbà tó fi máa di 1989, wọ́n ti bí ti wa ní LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, láti ọwọ́ ikọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru darí. Ìmọ̀ ti wà nílé tipẹ́. Ohun tó ń fa ìdúró ni pé ibi tí ìjọba ti ń ṣe é kò pọ̀, pé iná kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú rárá níbi tí ọlẹ̀, ìyẹn ẹyin tí àtọ̀ ti so pọ̀ mọ́, bá wà, àti pé àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń kó àwọn obìnrin jọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ kí èròjà olówó ńlá tí wọ́n rà má baà ṣòfò. Bí orúkọ yín kò bá bọ́ sínú ọ̀wọ́ kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìwé àyẹ̀wò kan ni kò pé, kì í ṣe pé ẹ kò tètè dé orí bẹ́ǹṣì.

Ibi tí mo fẹ́ fi ìka sí gan-an nìyí. Nínú gbogbo lẹ́tà yín, kò sí ibi tí ẹ ti sọ pé ọkọ yín ti ṣe àyẹ̀wò àtọ̀. Ara tó le koko kò sọ ohunkóhun fún wa nípa àtọ̀. Mo ti rí ọkùnrin tó ń dá gbé àpò sìmẹ́ńtì láti ilẹ̀ dé òkè ilé alájà mẹ́ta, tí wọn kò sì rí irúgbìn kan ṣoṣo nínú àtọ̀ rẹ̀. Nínú àwọn tọkọtaya tí kò tètè rí ọmọ bí, ó tó nǹkan bí ìdajì tí ọ̀ràn ọkùnrin wà nínú rẹ̀, yálà tirẹ̀ nìkan tàbí tirẹ̀ pẹ̀lú ti ìyàwó. Àyẹ̀wò yìí kì í dunni, kì í sì í wọ́n tó ti obìnrin. Ṣùgbọ́n bí èsì rẹ̀ kò bá dára, dókítà yóò ní kó tún un ṣe lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, nítorí pé ó máa ń gba ara tó 70 ọjọ́ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láti pèsè àtọ̀ tuntun, ibà líle tó dá ọkùnrin dùbúlẹ̀ lóṣù tó kọjá sì lè ba ti òní jẹ́. Nítorí náà, bí ọkọ yín bá ń dúró kó tó “kàn yín”, ọjọ́ tó bá kàn yín gan-an ni ìdúró mìíràn yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbé e kalẹ̀ fún un bí ẹ̀sùn. Ẹ ní kí dókítà kọ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì sórí ìwé àyẹ̀wò, kí ẹ sì fi ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí kò gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu aya máa ń gbà á lọ́wọ́ bébà.

Ní tiyín, ẹ bèèrè èwo ló kù: àwòrán tí ń fi hàn bóyá ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ ṣí sílẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ń sọ bí ẹyin yín ṣe kù sí, síkáànì ilé ọmọ nítorí fáíbírọ́ọ̀dù, àti jínótáìpù ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ bèèrè pẹ̀lú èyí tó ti di àná. Àyẹ̀wò HIV àti ti àrùn mẹ́dọ̀wú tí ẹ ṣe ní oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí ẹ tún un ṣe, ó sì sàn kí ẹ mọ̀ báyìí ju kí ẹ mọ̀ ọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́.

Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, obìnrin kan wà tí kì í wá sí kílíníìkì láìmú ìwé eléwé-ogójì kan lọ́wọ́. Ó ti fi àjákù àǹkárá aláwọ̀ ewé bo ẹ̀yìn ìwé náà, ó sì so bírò mọ́ ọn pẹ̀lú òwú. Bí dókítà bá ti ń sọ̀rọ̀, á ṣí i lé orí itan rẹ̀, á kọ ọjọ́, á kọ ẹni tó bá a sọ̀rọ̀, á kọ ohun tí wọ́n sọ, lẹ́yìn náà á gbójú sókè bèèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló kàn?” Ìdáhùn yẹn ló máa ń fa ìlà sí nídìí. Ẹ̀dà gbogbo èsì àyẹ̀wò rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé náà. Lọ́jọ́ tí a wá fáìlì rẹ̀ tì, ó ṣí ìwé, a fi ohun tó wà níbẹ̀ dá fáìlì tuntun sílẹ̀ kí omi tíì tó tutù, nígbà tí ẹni tó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní láti padà sí Ìkòròdú lọ wá bébà tirẹ̀. Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó bímọ. N kò ní sọ ọ́, nítorí pé kì í ṣe ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á nìyẹn. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé nínú gbogbo àwọn tó ń jókòó níbẹ̀, òun nìkan ló máa ń délé tí yóò lè sọ fún ọkọ rẹ̀ ní gbólóhùn kan ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Ní ti yíyọ orúkọ kúrò, ẹ má yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo ẹ̀mí lé ìlà kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ọdún 35, ẹyin obìnrin máa ń yára dín kù ní iye àti ní dídára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí sì nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń ní kí ẹni tó ti kọjá ọjọ́ orí yẹn wá fún àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí oyún kò bá dúró, dípò ọdún kan. Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, màá padà lọ lọ́sẹ̀ yìí, màá ní kí wọ́n sọ ọ̀wọ́ tí orúkọ mi yóò bọ́ sí fún mi, bí oṣù mẹ́fà bá sì kọjá láìsí ọjọ́ kankan, màá kó ẹ̀dà èsì mi lọ bèèrè níbòmíràn. Iye tí àwọn aládàáni ń gbà ti di ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù náírà, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Bí ẹ bá ń dá àjọ, ẹ dá a lórúkọ ìtọ́jú yìí, kí ó má bàa di owó ọjà. Ẹ má sì yá owó èlé orí fóònù nítorí rẹ̀: kódà láàárín àwọn obìnrin tí kò tíì pé 35, ọ̀pọ̀ ìgbìyànjú IVF ni kì í yọrí sí ọmọ, gbèsè yóò sì wà níbẹ̀ lọ́nà méjèèjì.

Láàárín ìgbà yìí, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í lo folic acid, 400 máíkírógíráàmù lójúmọ́, èyí tí kò wọ́n ní ilé ìpoògùn èyíkéyìí. Bí ẹnì kan nínú ìdílé yín bá ti bí ọmọ tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kò pé rí, tàbí tí ẹ bá ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí fọ̀níkú-fọ̀ladìde, ẹ sọ fún dókítà, nítorí pé ìwọ̀n tiyín yóò ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbo tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú ìgò rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Ó wá ku ìyá ọkọ yín. Mo fẹ́ gbà pé àdúrà ni “ẹ kú ojú lọ́nà” lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n àdúrà tí a ń gbọ́ lójoojúmọ́ lè di ẹ̀gún. Ọ̀rọ̀ ilé ọkọ, ọkọ ni kó bá wọn sọ ọ́. Kí ó sọ fún ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé àwọn méjèèjì wà lọ́dọ̀ dókítà, pé bí ìròyìn bá wà, ìyá ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àwọn méjèèjì, mo wí, kì í ṣe “ìyàwó mi”. Bí ìkómọ bá pọ̀ jù lóṣù kan, ẹ fi owó ránṣẹ́, kí ẹ jókòó sílé yín. Kò sí òfin tó ní kí ẹ jó níbi gbogbo. Ẹkún ojijì nínú ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ẹ kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò wù yín, tí ọjà kò sì wù yín tà mọ́, ẹ sọ ìyẹn náà fún dókítà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú àtijọ́. Ìyá àgbà ni mí, Ìsàlẹ̀ Èkó ni ilé bàbá mi. Ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ wà ní Leeds láti 2022, ìwé àṣẹ iṣẹ́ ni wọ́n fi lọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ọ̀fẹ́ ni ìjọba ibẹ̀ ń ṣe IVF fún èèyàn. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é, á ní àwọn ṣì ń dúró. Àbí ó ń fi nǹkan pamọ́ fún mi ni? Ṣé kí n fi nǹkan ìbílẹ̀ ránṣẹ́ sí i? *— Ìyá ọmọ, Ìsàlẹ̀ Èkó*

Màmá, ẹ kú àárò ọmọ. Òótọ́ ni pé láti 1948 ni àwọn ará ibẹ̀ ti ní ètò ìlera NHS, èyí tí owó orí àwọn ará ìlú ń gbé ró, òótọ́ sì ni pé àjọ NICE, tí ń gba àwọn ilé ìwòsàn wọn nímọ̀ràn lórí ìtọ́jú, dámọ̀ràn ní 2013 pé kí obìnrin tí kò tíì pé 40, tó sì ti ń gbìyànjú fún ọdún méjì, rí ìgbìyànjú IVF mẹ́ta gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin. Ní England, agbègbè kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu ohun tí yóò san: ibòmíràn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ibòmíràn kò ní dá tọkọtaya lóhùn bí ọ̀kan nínú wọn bá ti bímọ níbòmíràn rí, wọ́n sì máa ń wo bí obìnrin ṣe sanra tó àti bóyá ẹnì kan nínú wọn ń mu sìgá.

Ohun tó kan ọmọ yín jù ni ìwé àṣẹ yẹn. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ẹni tó bá wà ní England lórí ìwé àṣẹ ìgbà díẹ̀, tó sì san owó ìlera tí wọ́n ń gbà pẹ̀lú físà, lè rí dókítà, ó lè bímọ sí ilé ìwòsàn wọn, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ sí IVF ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn tí èèyàn bá gba ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke ni ọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà, kí “a ṣì ń dúró” tí ọmọ yín ń sọ túmọ̀ sí pé ìwé ìgbélùú ni wọ́n ń dúró dè, tàbí pé wọ́n ń tu owó jọ láti sanwó fúnra wọn. Kò parọ́ fún yín; ó lè jẹ́ pé àlàyé náà gùn ju ohun tí èèyàn lè ṣe lórí fóònù lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́. Ẹ bi í lẹ́ẹ̀kan pé, “Kí ni ẹ ń dúró dè báyìí, kí sì ni mo lè ṣe?” kí ẹ sì jẹ́ kí ó dákẹ́ bó bá fẹ́ dákẹ́. Ẹ má fi àgbo ránṣẹ́, Màmá. Bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́, ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ kì í ba àyẹ̀wò jẹ́.

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Kétu ni mò ń gbé, ilé ìwòsàn tí èmi àti ìyàwó mi ń lọ sì wà ní Erékùṣù. Wọ́n ní kí n mú àtọ̀ wá fún àyẹ̀wò. Yàrá tí wọ́n fi hàn mí níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni, àwọn èèyàn sì ń kan ilẹ̀kùn. Mo ti sá kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé mo lè gbà á sílẹ̀ nílé? *— Baálé ilé, Kétu*

Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ́. N kò rò pé ẹ̀yin nìkan ni. Ẹ lè gbà á nílé, bí ilé ìwòsàn bá ti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dé yàrá àyẹ̀wò láàárín wákàtí kan, wàhálà yín sì ni Afárá Third Mainland. Láti Kétu sí Erékùṣù ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, wákàtí kan lè tán kí ẹ tó rí omi ọ̀sà. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń gbà á ní àárọ̀ Sátidé. Bí wọn kò bá gbà á, ẹ wá yàrá àyẹ̀wò tí dókítà yín fọkàn tán ní apá ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ ṣe é níbẹ̀, kí ẹ sì mú èsì rẹ̀ kọjá afárá. Èsì kì í bàjẹ́ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ.

Ẹ má bá ìyàwó yín lò pọ̀ fún ọjọ́ méjì ó kéré tán ṣáájú rẹ̀, kí ó má sì kọjá ọjọ́ méje. Ẹ má lo ọṣẹ, ìpara, itọ́ tàbí rọ́bà ìdáàbòbò lásán, nítorí pé wọ́n lè pa irúgbìn tí a fẹ́ kà. Gbogbo rẹ̀ ni kó wọ inú ike tí wọ́n fún yín; bí díẹ̀ bá dànù, ẹ sọ fún wọn. Ẹ kọ aago tí ẹ gbà á sí ara rẹ̀, kí ẹ sì fi ike náà sínú àpò àyà ẹ̀wù yín, níbi tí ara ti lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ má gbé e sínú báàgì pẹ̀lú omi tútù, ẹ má sì gbé e ka iwájú mọ́tò níbi tí oòrùn ti ń ta.